Ìjọba Kan fún Ìlú àti Káúńtì ní Jacksonville: Àyẹ̀wò Ohun tí Owó Orí Onílé Ń Rà

Ẹni tó bá ra ilé ní ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, ra ìjọba mọ́ ọn. Owó orí dúkìá tó ń san lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń bọ́ ọlọ́pàá àti panápaná, tí wọ́n fi ń ṣe títì, ọgbà ìgbafẹ́ àti ilé ìkàwé, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yọ owó san gbèsè tí àwọn tó ṣèjọba sẹ́yìn jẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbèrò láti kó kúrò ní New York, Maryland tàbí Chicago wá sí Florida máa ń béèrè iye tí ilé ń lọ àti bóyá ilé ìwé àdúgbò dára, wọ́n sì máa ń fi inú dídùn sọ pé Florida kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó béèrè irú ìjọba tí wọn yóò máa sanwó fún. Ti Jacksonville sì yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú, nítorí pé ìlú àti káúńtì ti di ọ̀kan níbẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Iṣẹ́ tí ìjọba yẹn ń ṣe fún onílé ni mo yẹ̀ wò níhìn-ín: iye tó ń gbà, ohun tó ń fúnni, àti ibi tí ohun tó ń fúnni kò ti tó iye tó gbà.

Kí n tètè sọ èrò mi. Ẹni tó ń wá ìjọba tí a lè mọ ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ yóò rí i ní Jacksonville. Ẹni tó rò pé sísọ ìjọba méjì di ọ̀kan yóò mú kí owó dín kù ni ó yẹ kó ṣọ́ra, nítorí pé ẹrù tó wúwo jù lọ, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, kò fúyẹ́ nítorí ìsopọ̀ náà; gbogbo káúńtì ló wá ń rù ú pọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, àdúgbò tí ènìyàn bá sì ń gbé lè sọ ọ́ di mẹ́rin tàbí méjì.

Ní Amẹ́ríkà, káúńtì ni ìpín ìjọba tó wà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìlú. Ìlú lè wà nínú káúńtì kan, kí méjèèjì sì ní aláṣẹ tirẹ̀, ọlọ́pàá tirẹ̀ àti owó orí tirẹ̀. Báyìí ni Jacksonville àti Duval County ṣe wà títí di ọdún 1968. Àwọn ọlọ́rọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó rówó gidi gbà ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ń wá ṣiṣẹ́ nínú ìlú lójúmọ́, ṣùgbọ́n owó orí wọn kò dé àpò ìlú. Ní ọdún 1964, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba 15 tó wà ní Duval pàdánù ìfọwọ́sí àjọ tó ń díwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí pé owó tí wọ́n ń ná lé wọn lórí kéré jù. Owó náà kò sì lè tó, nígbà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n ń kọ fún ilé nínú ìwé owó orí jìnnà réré sí iye tí ilé náà ń lọ lọ́jà, tí àwọn olóṣèlú tó ń díyelé e sì mọ̀ pé ìbò àwọn yóò dín kù bí àwọn bá kọ òtítọ́. Ní ọdún 1966, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn aláṣẹ 11 ní ilé ẹjọ́ lórí ìwà ìbàjẹ́. Omi ìdọ̀tí láti ilé àti ilé iṣẹ́ sì ń ṣàn wọ odò St. Johns láìsí ìtọ́jú kankan. Àwọn oníṣòwò ìlú, tí Claude Yates ṣíwájú wọn, kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 1965. Ìgbìmọ̀ tí J. J. Daniel darí gbé ètò tuntun kalẹ̀. Nígbà tó sì di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ará ìlú dìbò. Ẹni 54,493 ní àwọn fẹ́ kí wọ́n so ó pọ̀, ẹni 29,768 ní àwọn kò fẹ́.

Ohun tó jáde láti inú ìbò náà nìyí. Méyọ̀ kan ló wà fún gbogbo káúńtì, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 19, tí 14 nínú wọn ń ṣojú àdúgbò, tí gbogbo káúńtì sì ń dìbò yan márùn-ún yòókù. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Sheriff ló ń ṣọ́ gbogbo ilẹ̀ náà, kò sí ọlọ́pàá ìlú àti ọlọ́pàá káúńtì tí yóò máa ti iṣẹ́ síra wọn mọ́. Agbẹjọ́rò kan náà ló ń gba gbogbo ẹ̀ka ìjọba nímọ̀ràn, ohun tó bá sì sọ pé ó bá òfin mu ni wọn yóò tẹ̀ lé. JEA, tó jẹ́ ti ìlú, ló ń pèsè iná, ó sì gba iṣẹ́ omi àti omi ìdọ̀tí mọ́ ọn ní ọdún 1997. Bí Jacksonville ṣe di ìlú tó fẹ̀ jù lọ lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a bá yọ Alaska kúrò, nìyẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 700 máìlì níbùú lóòró, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì jẹ́ 949,611 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Àwọn ìlú etíkun mẹ́ta, Jacksonville Beach, Neptune Beach àti Atlantic Beach, àti ìlú kékeré Baldwin ní ìwọ̀ oòrùn, kọ̀ láti wọlé. Wọ́n ní méyọ̀ tiwọn títí di òní, síbẹ̀ wọ́n ń dìbò yan méyọ̀ Jacksonville pẹ̀lú, nítorí pé òun náà ni olórí káúńtì wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà dá dúró, owó orí tirẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ lọ́tọ̀ sínú ìwé kan náà.

Ìwà rere tí ìjọba yìí ní hàn jù nínú ohun tí ojú lè rí. Hans Tanzler, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ìjọba tuntun náà, gbájú mọ́ odò St. Johns títí wọ́n fi dí àwọn ojú páìpù tó ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ní ọdún 1977 òun fúnra rẹ̀ wọ bàtà ìsáré orí omi, ó sì gun odò náà lójú gbogbo ènìyàn kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti mọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí Tanzler lè dá lẹ́bi bí odò bá ṣì ń rùn. Káúńtì tó yàtọ̀ sí ìlú ì bá ti wí pé láti ọ̀dọ̀ ìlú ni ìdọ̀tí ti ń wá, ìlú ì bá sì ti náwọ́ sí káúńtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ìjì líle bá ń bọ̀ láti òkun: ẹnu kan ló ń sọ pé kí àwọn ará ìlú kúrò nílé, ọ̀gá kan náà ló sì ń rán panápaná lọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Ìràwọ̀ kíkún ni mo fún un níbí.

Ó wá ku owó. Ní Florida, iye dọ́là tí wọ́n ń gbà lórí 1,000 dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ilé jẹ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó orí dúkìá, wọ́n sì ń pè é ní mílì. Ìjọba Jacksonville ń gba mílì 10.0353 títí di ọdún 2013, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú gbé e sókè sí 11.4419 nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì ti ń gbé ètò ìṣúná mì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 11.3169 ní ọdún 2022. Ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ náà tún dín in kù sí 11.1919, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Méyọ̀ Donna Deegan kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe ìṣirò: ilé tí wọ́n díyelé ní 300,000 dọ́là, tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ nǹkan bí 50,000 kúrò fún un lábẹ́ òfin homestead. Lórí 250,000 tó kù, ìdínkù ọdún 2025 tí wọ́n pariwo lé lórí tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ dọ́là 31 àti sẹ́ńtì 25 lọ́dún. Àfikún ọdún 2013 lórí ilé kan náà ì bá jẹ́ nǹkan bí 352 dọ́là. Onílé tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé ohun tí wọ́n dá padà kò tó ohun tí wọ́n mú lọ, àní bí a bá ro ìdínkù ọdún 2022 mọ́ ọn. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni mílì kan tí àwọn olùdìbò fi kún un fún owó oṣù olùkọ́ ní ọdún 2022.

Àwọn tó ń ra ilé máa ń ṣìnà ní ibì kan. Òfin Florida kò jẹ́ kí iye tí wọ́n kọ fún ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀ gòkè ju ìpín 3 nínú 100 lọ lọ́dún, bó ti wù kí ọjà ilé gbóná tó. Nítorí náà, ẹni tó ti ń gbé ilé kan láti ogún ọdún ń san owó orí kékeré, ẹnìkejì rẹ̀ tó ra ilé tó bá tirẹ̀ dọ́gba ní àdúgbò kan náà lọ́dún tó kọjá lè máa san ìlọ́po méjì. Bí ẹni tó ń ta ilé bá fi ìwé owó orí rẹ̀ hàn yín, ẹ má ṣe fi í ṣe ètò ìnáwó yín. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé ọdún tí ilé bá yí ọwọ́ padà ni ìdíyelé yóò bá ti ọjà mu, ìwé tí yóò sì dé sí yín lọ́wọ́ yóò jẹ́ ìwé tuntun. Àléébù yìí kì í ṣe ti Jacksonville nìkan, gbogbo Florida ló kàn.

Owó orí míràn wà tí kò sí nínú ìwé náà rárá. Nígbà tí ènìyàn bá ra nǹkan ní ilé ìtajà, ìpín 7.5 nínú 100 ló ń san: 6 jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ìdajì jẹ́ ti ètò ọkọ̀ èrò, ìdajì jẹ́ ti àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dìbò fún ní ọdún 2020, ìdajì tó kù sì jẹ́ ti ètò Better Jacksonville tí wọ́n dìbò fún ní ọdún 2000 láti fi ṣe títì, ilé ẹjọ́, ilé ìkàwé àti pápá ìṣeré. Lọ́dún 2021 wọ́n fi sẹ́ńtì mẹ́fà kún owó orí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan. JEA náà ń san owó tó ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ fún ìlú lọ́dún, inú owó iná àti omi tí àwọn ará ilé ń san ni owó yẹn sì ti ń wá. Mo gbà pé owó orí ni, orúkọ míràn ni wọ́n kàn ń pè é.

Ìfẹ̀yìntì ni ọ̀rọ̀ wá wúwo sí jù. Àpò mẹ́ta ni ìlú náà ní: ti òṣìṣẹ́ gbogbogbòò, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, àti ti ọlọ́pàá pẹ̀lú panápaná. Ìkẹta yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ọlọ́pàá tó bá ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún lè fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ orí yòówù, kó máa gba ìpín 60 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì lè tó 80 bó bá ṣe ọgbọ̀n ọdún. Ìpín 3 nínú 100 ni wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ filé iṣẹ́ sílẹ̀ lè fẹ̀yìn tì nínú ìwé, kó ṣì máa ṣiṣẹ́, kó máa gbowó oṣù, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì máa gbèrú nínú àpò pẹ̀lú èlé 8.4 nínú 100 tí ìlú ṣèlérí fún un, yálà ọjà ìpín ìdókòwò lọ sókè tàbí ó lulẹ̀. N kò mọ báńkì tó ń fún ènìyàn lásán ní irú èlé bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe àìṣòótọ́ sí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò sí nínú ètò Social Security tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe, nítorí náà owó yìí nìkan ni wọ́n gbójú lé lọ́jọ́ ogbó, iṣẹ́ wọn sì jẹ́ iṣẹ́ tó lè gbẹ̀mí ènìyàn.

Ìlérí náà kọ́ ni mo bínú sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni. Nígbà tí ọjà ìdókòwò ń gòkè ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àpò náà dà bí èyí tó kún, àwọn aláṣẹ sì wọnú àdéhùn ọgbọ̀n ọdún tí yóò dé 2030. Kí ẹni tí yóò jẹ méyọ̀ lẹ́yìn wọn tó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìdè. Ọjà lulẹ̀ ní ọdún 2001, ó tún lulẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2008, ìlú ló sì ní láti dí àlàfo náà, nítorí pé èlé tí wọ́n ti ṣèlérí kì í bá ọjà lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣe àtúnṣe ní ọdún 2013, inú yàrá àdáni ni wọ́n ti jókòó sọ ọ́. Ilé ẹjọ́ sì dá a nù, ó ní ó lòdì sí òfin Florida tó pàṣẹ pé kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Níbi tí ìjọba àjọpọ̀ ti yẹ kó fi ojú kan ṣoṣo tó ní hàn, ó gbé ìbòjú wọ̀ ọ́.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, gbèsè àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó 2.85 bílíọ̀nù dọ́là. Owó tí ó wà nínú àpò ọlọ́pàá àti panápaná kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ti ṣèlérí. Ohun tí ìlú ń san sínú rẹ̀ lọ́dún ju 200 mílíọ̀nù lọ, owó ìwé, owó títì àti owó ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n sì ń gé fi san án. Ilé ìkàwé dín wákàtí tí wọ́n ń ṣí kù nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà náà ni Méyọ̀ Lenny Curry gbé ìlànà kan wá tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ìdajì sẹ́ńtì ti Better Jacksonville kò ní kú bó bá parí, ó pẹ́ tán ní òpin ọdún 2030. Yóò yí padà di ti gbèsè ìfẹ̀yìntì, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2060. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, nǹkan bí ìpín 65 nínú 100 àwọn olùdìbò gbà. Ìpínlẹ̀ sì fi dandan lé e pé ìlú gbọ́dọ̀ ti ètò àtijọ́ pa mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ọlọ́pàá tuntun ní àpò tirẹ̀, ó ń fi ìpín 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sínú rẹ̀, ìlú ń fi 25 kún un, ohun tí ọjà bá sì ṣe fún un ló rí. Ẹni tó bá mọ bí Nàìjíríà ṣe kúrò ní ìlànà àtijọ́ bọ́ sí ti àpò àdáni lábẹ́ òfin ọdún 2004 yóò dá a mọ̀ lójú kan. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rí owó oṣù wọn tó gòkè ní ìpín 20 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì tọwọ́ bọ ìwé.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Owó orí tí wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí gbà títí di ìparí ọdún 2030 ni wọ́n kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí dúkìá tí àpò ní lónìí, wọ́n sì torí ìyẹn dín iye tí wọ́n ń san lọ́dọọdún kù. Ẹni tó ń dá èésú tó sì ti ń jẹ gbèsè lé owó ìkó rẹ̀ kó tó kàn án ló ń ṣe irú èyí: ara tù ú lónìí, ṣùgbọ́n ó ti ná ọ̀la. Lóòótọ́, ètò ìṣúná rí afẹ́fẹ́ fà sínú, wọ́n gba ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá, n kò sì lè sọ pé wọn ì bá jókòó lásán kí gbèsè máa jẹ ìlú run. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a bá sún síwájú máa ń gbé èlé dání, iye tí wọn yóò san lápapọ̀ yóò sì ju ohun tí wọn ì bá san bí wọ́n bá ti ń san án láti ìgbà náà lọ fíìfíì. Ọmọ tí wọ́n bí ní Jacksonville ní ọdún 2016 yóò ti pé ọmọ ọdún 44 kí owó orí yẹn tó dópin, yóò sì máa san án lórí aṣọ àti bàtà rẹ̀ fún ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí i.

Àpò àdáni náà kò sì tọ́jọ́. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ tán ní Jacksonville, wọ́n ń lọ sí àwọn káúńtì tó yí i ká, tí wọ́n wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ Florida. Ní ọdún 2024, ìlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹnu kò pé kí ọlọ́pàá àti panápaná wọ inú ètò ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 2027. Ohun tí wọ́n tì pa ní 2017 ni wọ́n ń wá ilẹ̀kùn míràn sí yẹn, ẹni tó ń san owó orí ni yóò sì san ìyàtọ̀ tó bá wà níbẹ̀.

Ṣé síso ìlú àti káúńtì pọ̀ ló fa gbogbo èyí? Rárá. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà tí wọn kò so mọ́ káúńtì kankan wọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó ìsopọ̀ máa ń sọ pé ọ̀gá méjì yóò di ọ̀kan, ọ́fíìsì méjì yóò di ọ̀kan, owó yóò sì ṣẹ́ kù. Owó ọ̀gá kéré lára owó ìlú. Owó oṣù àti ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá pẹ̀lú panápaná ló gba apá tó pọ̀ jù, iye wọn kì í sì í dín kù nítorí pé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yí orúkọ padà. Ilé tó ń jó àti olè tó ń jalè kò dín. Níbi tí wọ́n bá ti da òṣìṣẹ́ méjì pọ̀, owó ẹni tó ń gbà jù ni àwọn yòókù máa ń bá dọ́gba, kì í ṣe ti ẹni tó ń gba kékeré.

Àwọn tí ìsopọ̀ náà ná lówó jù ni àwọn ará ìhà àríwá-ìwọ̀ oòrùn ìlú, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Kí ọdún 1968 tó dé, àwọn ènìyàn dúdú lé ní ìpín 40 nínú 100 nínú ìlú àtijọ́, ó sì dájú pé wọn kò ní pẹ́ yan méyọ̀ tiwọn. Ní ọdún 1967, wọ́n ti dìbò yan Sallye Mathis àti Mary Singleton sínú ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí káúńtì wọlé, wọ́n di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdún 2011 ni Alvin Brown tó di méyọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Àwọn aṣáájú kan láàárín wọn, bí agbẹjọ́rò Earl Johnson, ti gbárùkù ti ìsopọ̀ náà nítorí ìlérí pé páìpù omi ìdọ̀tí, títì tó dára àti iná yóò dé àdúgbò wọn. Iye àwọn ilé tó ṣì ń lo sọ́kàwéè níbẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ kò kéré, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀, bí òjò bá ti pọ̀, ìdọ̀tí lè máa jáde sórí ilẹ̀. Àdúgbò Biltmore, Beverly Hills àti Christobel ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fa páìpù sí. Nígbà tí wọ́n sì fi owó kún epo ní ọdún 2021, wọ́n ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Àwọn olùgbé ibẹ̀ ti ń san mílì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ní páìpù láti ọdún wọ̀nyí wá. Ní ọdún 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ fagi lé ààlà àwọn àdúgbò ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí pé wọ́n ti kó àwọn olùdìbò dúdú jọ sójú kan. Níhìn-ín ni mo ti yọ ìràwọ̀ kan odidi.

Ìlú míràn ti ta irú ọjà yìí. Nashville so mọ́ káúńtì tirẹ̀ ní ọdún 1963, Indianapolis ní 1970, Louisville ní 2003. Ti Indianapolis fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pátápátá. St. Louis, tó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú káúńtì ní ọdún 1876, gbìyànjú láti padà ní 2019, ètò náà sì wó kí ìbò tó dé. Nínú wọn, ti Jacksonville wà lára àwọn tó so pọ̀ jinlẹ̀ jù, nítorí pé ọlọ́pàá, panápaná, omi àti òfin wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé òun ló yẹ láti fi díwọ̀n ohun tí ìsopọ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á bó ti wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilé bóyá páìpù ìlú ni omi ìdọ̀tí ń gbà tàbí sọ́kàwéè, nítorí pé ó lè ju gbogbo ìyàtọ̀ mílì lọ lówó. Ẹni tó bá fẹ́ etíkun kí ó mọ̀ pé ohun tí ìjọba Jacksonville ń gbà níbẹ̀ kéré sí ti inú ìlú, ṣùgbọ́n ìlú etíkun náà yóò gba tirẹ̀ lé e. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún homestead kí ọjọ́ 1 oṣù Kẹta tó kọjá lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún tí ẹ ra ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó san ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ fún odidi ọdún kan. Ní oṣù Kẹjọ, ìwé kan yóò dé tí kì í ṣe ìwé owó sísan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jù nù: iye tí wọ́n díyelé ilé yín wà nínú rẹ̀, mílì tí ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan ń gbèrò láti gbà wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ọjọ́ 25 péré lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ẹ ní láti pe ìdíyelé náà níjà. Ìwé owó sísan gan-an yóò dé ní oṣù Kọkànlá, ẹni tó bá san án nínú oṣù yẹn yóò rí ìdínkù ìpín 4 nínú 100, Oṣù Kejìlá 3, oṣù Kìíní 2, oṣù Kejì 1, tó bá sì fi di ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ó ti di gbèsè. Bí báńkì bá ń bá yín san án láti inú owó ilé tí ẹ ń san lóṣooṣù, báńkì náà ni yóò san án nígbà tí ìdínkù ṣì pọ̀ jù, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.